Ìrìn Ọjọ́ Mẹ́ta Nítorí Ọmú: Kí Ni Àwa Náà Lè Mú Níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tòní, ọ̀rọ̀ ọmú ni, ṣùgbọ́n kí ọkùnrin kankan má dìde o. Gbogbo wa ló kàn. Ẹ jókòó, ká jọ sọ ọ́.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko nítorí jẹjẹrẹ ọmú. Máìlì 60 ni wọ́n ń rìn, ìyẹn bíi kìlómítà 96. Ẹ rò ó wò: ẹni tó bá gbéra ní Kétu, tó gba Pobè, tó gba Sakété, tó ń bọ̀ títí tó fi fẹ́ẹ̀ dé Àjàṣẹ́, ìrìn tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn. Wọn ò ru iṣu lọ sọ́jà, wọn ò lọ kí àna, wọn ò lọ síbi òkú. Wọ́n kàn ń rìn ni. Ẹ lè bi mí pé, kí ni wọ́n ń wá? Ṣé ìrìn ń wo jẹjẹrẹ ni?

Rárá o, ìrìn kì í wo jẹjẹrẹ. Ohun méjì ni ìrìn náà ń ṣe. Àkọ́kọ́, ó ń tú ọ̀rọ̀ tí ìtìjú ti dì mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ìkejì, ó ń kó owó jọ láti ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun méjì yìí gan-an, ọ̀rọ̀ sísọ àti owó, ni obìnrin tó bá rí kókó nínú ọmú rẹ̀ lábúlé wa kì í sábà rí lásìkò. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú yín.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

Obìnrin kan wà ní ìlú Peoria ní Amẹ́ríkà, Susan Komen lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 33 ni nígbà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ọmú rẹ̀. Ó kú ní 1980, ọmọ ọdún 36, ó sì fi ọmọ méjì sílẹ̀. Kó tó kú, ó ti bá àbúrò rẹ̀ obìnrin, Nancy Brinker, sọ̀rọ̀, àbúrò sì ṣèlérí fún un pé òun á ṣe gbogbo ohun tí agbára òun bá ká kí àìsàn yìí má baà máa pa àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀.

Ní 1982 ni àbúrò yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ló ní lọ́wọ́? Dọ́là 200, àti páálí bàtà kan tó kó orúkọ àwọn tó lè bẹ̀ lówó sí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1983, ó pe àwọn obìnrin jọ ní ìlú Dallas kí wọ́n wá sáré kí wọ́n sì rìn nítorí jẹjẹrẹ ọmú. Àwọn 800 ló wá. Nígbà tó di 1984, wọ́n rí jẹjẹrẹ lára Nancy fúnra rẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì yè.

Ẹ má rò pé àwa nìkan là ń tijú ọ̀rọ̀ ọmú o. Láyé ìgbà yẹn, ní Amẹ́ríkà pàápàá, ó ṣòro kéèyàn la ẹnu sọ ọ́ láàárín àwùjọ. Àwọn obìnrin ń gbé e mọ́ra, wọ́n ń kú sínú ilé. Ìrìn ló kó ọ̀rọ̀ náà jáde sójú títì.

Ìrìn gígùn yẹn, èyí tó jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ọdún 1998 ló bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Califonia. Láti ìlú Santa Barbara ni wọ́n ti gbéra, wọ́n rìn lọ sí Malibu. Àwọn tó rìn ín lọ́dún yẹn lé ní 2,000. Láti 2003, ẹgbẹ́ tí Nancy Brinker dá sílẹ̀ lórúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ìrìn ọjọ́ mẹ́ta náà ń ṣiṣẹ́ fún.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, irú ẹ̀ wà. Obìnrin kan, Nina Barough, kó èèyàn jọ ní 1996, àwọn 13, wọ́n lọ rìn kìlómítà 42 ní New York. Kọ́mú ni wọ́n wọ̀ sókè! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo ojú rí wọn kí wọ́n sì béèrè ìdí ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ lọ́mú Nina fúnra rẹ̀. Láti 1998 ni wọ́n ti ń rìn ín ní Lọ́ńdọ̀nù, ní òru, tọkùnrin tobìnrin, pẹ̀lú kọ́mú tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Mi ò ní kí ìyá ẹnikẹ́ni wọ kọ́mú jáde ní Kétu o! Ohun tí mo ń sọ ni pé, ìtìjú ni wọ́n ń bá jà, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń RÌN ÍN

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà, ẹ máa gbọ́ èyí dáadáa, torí yóò wúlò fún yín.

Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta yẹn, nǹkan bíi kìlómítà 32 ni wọ́n ń rìn lóòjọ́. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì díje. Lójú ọ̀nà, wọ́n ti ṣètò ibi ìsinmi, kò jìnnà síra wọn. Omi wà níbẹ̀, oúnjẹ tó ní iyọ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ń tẹ̀ lé wọn: bó bá rẹ ẹnì kan, ọkọ̀ á gbé e lọ síbi ìsinmi tó kàn tàbí sí ibùdó, kò sì sẹ́ni tó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá di alẹ́, wọ́n á sùn nínú àgọ́ aláwọ̀ róòsì, méjì méjì nínú àgọ́ kọ̀ọ̀kan. Lára àwọn tó ń rìn, àwọn kan ti ní àìsàn náà rí, wọ́n sì ti yè é. Àwọn mìíràn ń rìn nítorí ìyá wọn, ẹ̀gbọ́n wọn, tàbí ìyàwó wọn tó ti kú.

Wọn kì í déédéé dìde láti orí ìjókòó kí wọ́n sì rìn kìlómítà 96. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń múra. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀, wọ́n á máa fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bàtà tuntun kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ ìrìn gan-an lèèyàn máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Bàtà tó ti mọ ẹsẹ̀ ni. Wọ́n á fi fasilín pa àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀ kó má baà lé ròrò. Bí ìbọ̀sẹ̀ bá tutù, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá lé ròrò, wọn kì í fi abẹ́rẹ́ ìdọ̀tí tú u. Wọ́n á fi aṣọ mímọ́ bò ó. Wọ́n ń mu omi díẹ̀díẹ̀, kí òùngbẹ tó gbẹ wọ́n gan-an, wọ́n sì ń jẹ nǹkan oníyọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, torí òógùn a máa gbé iyọ̀ ara jáde.

Ìrìn rírìn fúnra rẹ̀ ní èrè o. Àwọn dókítà mọ̀ pé obìnrin tó ń lo ara rẹ̀ déédéé, ewu jẹjẹrẹ ọmú dín kù fún un díẹ̀. Fífún ọmọ lọ́mú pẹ̀lú ń dín in kù. Dídín kù ni mo sọ o, mi ò sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń rìn lójoojúmọ́, tó sì tọ́ ọmọ mẹ́fà lọ́mú, àyẹ̀wò ṣì kàn án.

OWÓ NÁÀ ŃKỌ́?

Ibí yìí lẹ̀yin ọlọ́jà máa ti lanu. Ẹni tó bá fẹ́ rìn ìrìn ọjọ́ mẹ́ta yẹn ní láti kó dọ́là 2,300 jọ, ó kéré tán. Lówó tiwa, ó ju mílíọ̀nù kan fáráǹkì lọ. Kì í ṣe dandan kó yọ ọ́ lápò ara rẹ̀. Ó máa ń bẹ àwọn ọ̀rẹ́, àwọn ará ilé, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni: “Mo máa rìn máìlì 60. Kí lẹ máa fi tì mí lẹ́yìn?” Ẹlòmíì mú dọ́là 10 wá, ẹlòmíì mú 50. Àwọn kan ń ta àkàrà òyìnbó, àwọn kan ń fọ ọkọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Owó náà ń lọ sórí ìwádìí nípa àìsàn náà, ó sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin tí kò lówó àyẹ̀wò àti ìtọ́jú.

Ṣùgbọ́n níbi tí owó bá ti pọ̀, ìbéèrè gbọ́dọ̀ wà. Ìrìn náà fúnra rẹ̀ ń jẹ owó: àgọ́, oúnjẹ, ọkọ̀, ìpolówó. Àríyànjiyàn wáyé lórí iye tó ń lọ sórí ètò àti iye tó ń dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Nígbà tó di 2002, ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ń ṣètò ìrìn náà kógbá sílé. Mi ò sọ èyí láti ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá àjọ, ẹ mọ̀ ọ́n: ẹni tó dáwó lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ibi tówó gbà lọ, kó sì béèrè láìsí ìjà.

OHUN TÓ YẸ KÁ MỌ̀ NÍPA KÓKÓ INÚ ỌMÚ

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní 2022 nìkan, obìnrin mílíọ̀nù 2.3 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ọmú lára wọn káàkiri ayé, àwọn tó kú sì jẹ́ 670,000. Àìsàn kan náà ni, níbi gbogbo. Ohun tó fà á tí èyí tó pọ̀ jù fi ń yè nílẹ̀ àwọn olówó, tí ọ̀pọ̀ sì ń kú nílẹ̀ tiwa, ni pé àwọn ń tètè dé ilé ìwòsàn, ìtọ́jú sì wà fún wọn. Tiwa, ìgbà tó bá ti di egbò tó ń rùn la sábà máa ń gbé e lọ. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ẹ wá gbọ́ o, kí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ kọ èyí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin obìnrin, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dá, ẹ fi ọwọ́ yẹ ọmú yín wò, títí dé abíyá. Ẹni tí kò rí nǹkan oṣù mọ́, kó mú ọjọ́ kan nínú oṣù. Bẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ lọ sílé ìwòsàn:

— kókó tó le nínú ọmú tàbí ní abíyá, bí kò bá tiẹ̀ dùn yín rárá;
— orí ọmú tó wọlé sínú, tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀;
— ẹ̀jẹ̀ tàbí omi tó ń jáde lórí ọmú, tí kì í ṣe omi ọmú;
— awọ ọmú tó ń fà sínú, tàbí tó rí wúruwùru bí èèpo ọsàn;
— ọmú kan tó ṣàdédé yí padà, tó wú tàbí tó pọ́n;
— egbò lórí ọmú tí kò jinná.

Ẹ tún un gbọ́: kókó jẹjẹrẹ kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ibi tó ti ń tàn wá nìyẹn. A máa ń sọ pé “Kò kúkú dùn mí,” a sì fi sílẹ̀ fún ọdún kan. Ìyá ọlọ́mọ tí ọmú rẹ̀ wú, tí wọ́n fún lóògùn pé ó jẹ́ ọmú dídùn lásán, bí kò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kó padà lọ bá wọn.

Ẹ má sì dààmú jù o. Ọ̀pọ̀ kókó tí obìnrin ń rí lọ́mú kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ojú tèmi kò lè mọ̀ ọ́n, ojú ìyá àgbà kò lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ya fọ́tò inú ọmú, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò. Ìgbà yẹn la tó mọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó ń kiri ọjà, ẹ jẹ́ ká gbá wọn kúrò nílẹ̀. Wọ́n ní owó tí obìnrin ń fi sínú kọ́mú ló ń fa jẹjẹrẹ. Kì í ṣe òótọ́. Kì í ran ẹlòmíì: ẹ lè jọ jẹun, ẹ lè jọ sùn lórí ẹní kan. Kò di dandan kó wà nínú ẹbí kó tó ṣe èèyàn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ní in, ìyá wọn kò ní in. Ọkùnrin náà lè ní in. Nínú 100 tó bá ní in, nǹkan bí ẹyọ kan jẹ́ ọkùnrin. Wọ́n tún ń sọ pé abẹ ló ń pa èèyàn, pé ẹni tí wọ́n bá ti gé lọ́mú kò ní pẹ́ kú. Pípẹ́ kó tó dé ibi abẹ ló ń pani. Ẹni tó bá sì tètè lọ, ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ kókó náà nìkan ni wọ́n máa yọ, tí ọmú á kù sílẹ̀.

A kò bá àwọn onísègùn ìbílẹ̀ wa jà, a kò sì bá àwọn tó ń gbàdúrà jà. Ẹ̀bẹ̀ wa kan ni: kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ gé kókó náà nílé, kí wọ́n má fi ewé gbígbóná jó o, kí àdúrà sì máa bá aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, kó má dá a dúró sílé.

ÌRÌN TIWA GAN-AN

Àjọ Ìlera Àgbáyé tún sọ pé, láti ọjọ́ tí obìnrin bá ti gbé ọ̀rọ̀ kókó rẹ̀ dé ilé ìwòsàn, kò yẹ kó ju ọjọ́ 60 lọ kó tó mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ń rìn máìlì 60. Àwa, ọjọ́ 60 yìí ni ìrìn tiwa.

Ẹ jẹ́ ká kà á bó ṣe ń lọ. Obìnrin kan lábúlé rí kókó. Ó kọ́kọ́ dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Ó wá sọ fún ọkọ rẹ̀, ọkọ ní kí wọ́n dúró di ìgbà tí wọ́n bá ta àgbàdo. Ó gun zémìjàn lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò, wọ́n ní kó lọ sí ọsibítù ńlá. Ọsibítù ńlá ní kó gbé ohun tí wọ́n mú lára rẹ̀ lọ sí Kútọnu fún àyẹ̀wò. Owó ọkọ̀ ni, owó àyẹ̀wò ni, owó oúnjẹ ni, ibi tó máa sùn sí ńkọ́? Ta ló máa wo àwọn ọmọ? Ta ló máa bá a jókòó sọ́jà? Ní ibì kan lójú ọ̀nà yìí, yóò padà sílé. Kókó náà kò ní padà.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé kì í ṣe dókítà nìkan ló jẹ́ aláìní nínú ọ̀rọ̀ yìí. Aláìní ni ẹni tó máa sọ fún, owó tó máa kọ́kọ́ gbéra, àti ẹni tó máa bá a lọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹgbẹ́ lè ṣe é.

BÍ ẸGBẸ́ YÍN BÁ FẸ́ RÌN

Lóṣù kẹwàá lọ́dọọdún, tí wọ́n ń pè ní Octobre Rose, ìrìn àti ìkéde nípa jẹjẹrẹ ọmú máa ń wáyé lórílẹ̀-èdè wa náà. Ẹ kò ní láti dúró de àwọn ará ìlú ńlá. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ọ̀nà rẹ̀ nìyí.

Ẹ mú ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ẹ gbéra ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn tó mú. Ẹ má rìn káàkiri lásán: ẹ rìn láti abúlé yín lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín jù, kí gbogbo obìnrin lè mọ ojú ọ̀nà náà, kí wọ́n sì mọ ojú nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀. Ẹ ti lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣáájú, kí wọ́n lè gbà yín, kí wọ́n kọ́ yín bí a ṣe ń yẹ ọmú wò, kí ẹni tó bá ní ohun tó ń kọ ọ́ lóminú lè wọlé lọ bá wọn. Kí omi wà, kí kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù kan máa tẹ̀ lé yín. Ìyá arúgbó kò ní láti rìn. Kó jókòó síwájú ilé rẹ̀, kó máa kí yín, òun náà ti kópa.

Lórí owó, kí ẹni kọ̀ọ̀kan tó ń rìn wá ẹni márùn-ún tó máa fi 100 fáráǹkì tì í lẹ́yìn. Bí ènìyàn 40 bá rìn, ó di 20,000 fáráǹkì. Kò pọ̀, kò lè san owó iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ó lè gbé obìnrin kan dé ọsibítù kó sì san àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tàbí díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi sínú àpótí oníkọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, bí àwọn ẹgbẹ́ àjọ ti ń ṣe, kí ẹni mẹ́ta tí kì í ṣe ará ilé kan náà mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ẹ kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sínú ìwé, ẹ kà á sétí gbogbo ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Àpótí yìí kò gbọ́dọ̀ pa pọ̀ mọ́ owó àjọ tàbí owó ìnáwó.

Ẹ̀yin bàbá wa, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín. Bí ìyàwó bá sọ fún yín pé òun rí kókó, ẹ má dúró de àgbàdo. Ẹ bá a lọ. Àgbàdo á tún hù lọ́dún tó ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ LẸ́YÌN TẸ́ Ẹ BÁ KÀ Á TÁN

1. Bí obìnrin kan lábúlé wa bá rí kókó lónìí, ta ló máa kọ́kọ́ sọ fún? Ṣé ẹni náà mọ ohun tó yẹ kó sọ fún un?
2. Eélòó ni owó ọkọ̀ láti ibí lọ sí ọsibítù tó lè ṣe àyẹ̀wò ọmú, àlọ àti àbọ̀? Kí ẹnì kan lọ béèrè kó tó di ìpàdé tó ń bọ̀.
3. Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa tó lè bá aláìsàn lọ, ta ló sì lè bá a jókòó sọ́jà tàbí wo ọmọ rẹ̀?
4. Ṣé a máa rìn lóṣù kẹwàá? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ta ló máa mú kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta náà?

Ẹ fi èsì yín ránṣẹ́ sí wa bẹ́ ẹ ti máa ń ṣe, a ó kà á sétí àwọn abúlé yòókù. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ọjà la ó sọ: bí a ṣe lè tọ́jú ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Kó tó di ìgbà náà, ẹ̀yin obìnrin, ẹ rántí fi ọwọ́ yẹ ọmú yín wò. Ó dìgbà o.